Ẹnu Ara Rẹ̀

“Kúbúrá, ṣé o gbà?”

Àáfà Basit béèrè, ó sì dúró. Kúbúrá wà lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀ ilé ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ Mápó, ó fa ìborùn bojú. Obì àti dàbínù ìgbéyàwó ti wà nínú àwo. Sàídì, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kú, tí wọ́n fẹ́ kó ṣú u lópó, jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, kò gbójú sókè.

“Kí lẹ tún ń bi í sí?” Bàbá Zakariyya, mọ́gàjí agbo ilé náà, ni ó sọ bẹ́ẹ̀. “Ọjọ́ tó parí tákàbà ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ ni mo ti bi í, ó sì dákẹ́. Ta ni ò mọ̀ pé bóbìnrin bá ti dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn?”

“Ojú ló ń tì í,” Ìyá Àtọ́kẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀, dá sí i. “Ìyàwó wa, má tijú mọ́. Ilé kan náà ni, bẹ́ẹ̀dì lásán lo pààrọ̀.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ojú ń tì í lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé yìí níyàwó, Sàídì ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Nítorí pé ó ṣáájú rẹ̀ délé, “Bọ̀dá Kékeré” ló ń pè é. “Bọ̀dá Kékeré, ẹ fun imú yín,” á sì fi etí ìró rẹ̀ nù ún fún un. Òun ló ń fi kànrìnkàn bó o lára láràárọ̀. Ara yẹn ni wọ́n wá ní kó lọ sùn tì. Èyí tó tún tì í lójú jù ni ìbéèrè Karimat, ọmọ rẹ̀ àgbà, láàárọ̀: “Ìyá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ fẹ́ wọn?”

“Bàbá, ẹ má bínú,” Àáfà wí. “Wúńdíá ni Ànábì ní ìdákẹ́ rẹ̀ tó. Ẹni tó ti lọ́kọ rí, àfi kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mi ò lè so yìgì lórí ìdákẹ́ opó.”

Gbogbo ojú padà sí Kúbúrá.

“Mi ò gbà.” Ohùn rẹ̀ kéré jù, ó tún un sọ. “Bàbá, ẹ forí jì mí, mi ò gbà.”

“Yéè!” Ìyá Àtọ́kẹ́ pàtẹ́wọ́. “O dójú ti òkú ọmọ mi!”

“Ta ni yóò wá máa bójú tó ẹ?” Mọ́gàjí bi í.

“Mo ń ránṣọ l'Ọ́jà'ba, Bàbá. Bí ẹ bá gbà mí láàyè, màá wà nínú yàrá mi pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Bí ẹ bá ní kí n kó jáde, màá kó jáde. Ọkọ ni mi ò ní fẹ́ nílé yìí mọ́.”

Sàídì mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

Ìtìjú ṣì ń jó Kúbúrá létí bí iná, kò sì dúró dìgbà tí yóò tán. Ó dìde tòun ti ìtìjú náà, ó gba àárín àwọn ọkùnrin tó jókòó sórí ẹní lọ sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́kọ̀ọ̀kan, láìwo ojú rẹ̀, wọ́n ń ká ẹsẹ̀ kò fún un.