Orúkọ Tó Tàn Yẹ́lò

Ẹnjiníà Olóyè Akínlẹ́yẹ ní wúrà ni kí wọ́n fi tẹ orúkọ òun nínú ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣe fáàrí o. Ó ní kí àwọn àlejò lè tètè mọ ẹni tí wọ́n máa bá kẹ́dùn ni.

Moyọ̀sọ́lá, tó ń to ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ò bá a jiyàn. Bó ṣe wu kálukú nínú ẹbí ló ṣe fi àmì sórí orúkọ náà, nítorí náà ó tẹ Ak.nl.y. síbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀. Ibi tí àmì ìdánudúró bá wà, lẹ́tà yòówù lè dúró níbẹ̀. Kíá, gbogbo Akínlẹ́yẹ inú ìwé náà tàn yẹ́lò.

Olóyè rẹ́rìn-ín. "Ó mà pọ̀ o!"

"Ó kún ojú ìwé, sà."

"Ó dáa. Ṣe ti Màmá náà. Mojíbọ́lá. Kí wọ́n má lọ sọ pé mo fi ìyá mi sẹ́yìn."

Moyọ̀sọ́lá tẹ̀ ẹ́. Iwájú ìwé nìkan ló ti tàn.

"Kọ̀ǹpútà rẹ ò ríran dáadáa."

"Ó ríran, sà. Ìyá Akínlẹ́yẹ ni gbogbo yín ń pè wọ́n."

Olóyè tẹjú mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn ìgbésí ayé Màmá tó wà nínú ìwé náà: bí Ìyá Akínlẹ́yẹ ṣe rán Akínlẹ́yẹ lọ sí yunifásítì, bí Ìyá Akínlẹ́yẹ ṣe jókòó níwájú lọ́jọ́ tí Akínlẹ́yẹ joyè.

"Fi ìlà kan kún un. Kọ ọ́ pé, Màmá Mojíbọ́lá fẹ́ràn..." Orúkọ tí kò pè rí ṣáájú òní wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó pe Ìbíyẹmí, àbúrò rẹ̀ tó bá màmá wọn gbé ní Pedro títí ọlọ́jọ́ fi dé.

"Ìbíyẹmí, oúnjẹ wo ni Màmá fẹ́ràn jù?"

"Bọ̀dá mi, ẹ ò tíì kọ ọ́ tán? Ẹ̀wà ni wọ́n máa ń sè ní gbogbo Sátidé."

Olóyè yíjú sí Moyọ̀sọ́lá. "Kọ ẹ̀wà."

"Ẹ dúró ná, Bọ̀dá. Wọn kì í jẹ ẹ́ o, ó máa ń dà wọ́n nínú rú. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ẹ̀wà. Wọ́n á ní bóyá ẹ máa yà. Tílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á ní kí n gbé e fún àwọn ará ilé."

Olóyè ò mọ ìgbà tí fóònù kúrò létí rẹ̀.

"Kí n kọ ẹ̀wà náà, sà?"

"Rárá. Pa yẹ́lò yẹn ná."

Moyọ̀sọ́lá pa á. Orúkọ Akínlẹ́yẹ ṣì wà níbi gbogbo tó wà tẹ́lẹ̀.

"Wúrà ńkọ́, sà?"

"Orúkọ Màmá ni kí o fi tẹ̀."

"Ibì kan ṣoṣo ni, sà."

"Mo mọ̀."