Àwòrán Tí Kò Ṣí Fún Màmá

"Òbìrìkìtì kékeré kan ṣì ń yí po níbẹ̀, ìyàwó mi," Màmá sọ lórí fóònù. "Ojú ọmọ mi ò yọ."

Fotogíráfà bẹ ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n gbé fóònù náà sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n ní àwọn ti gbé e dé ìta, àwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e gun òrùlé. Ojú ìwé ìrántí ọkọ rẹ̀ tó di olóògbé ti wà lórí ìkànnì ìjọ, gbogbo ará ìjọ sì ti rí i, àfi ìyá tó bí i. Ìsìn ìrántí ku ọ̀la. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ò jẹ́ kí wọ́n lè wá, nẹ́tíwọ́kì ọ̀dọ̀ wọn ò sì lágbára.

Akọ̀wé ìjọ ti sọ fún un pé àwọn àwòrán náà ló wúwo jù, kó dín wọn kù. Iṣẹ́ òòjọ́ fotogíráfà sì nìyẹn. Kò sí àwòrán oníbàárà tó ń gbé sórí ayélujára láìdín in kù. Ṣùgbọ́n bí ti ọkọ rẹ̀ ṣe jáde nínú kámẹ́rà ló ṣe gbé e síbẹ̀. Àìsàn ti dín ọkùnrin náà kù tó. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbà á láti tún dín in kù.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú yàrá iṣẹ́ tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ó mi orí, ó gbàdúrà ṣókí, ó sì ṣe ẹ̀dà àwòrán tó fẹ́ràn jù, ó fi ojúlówó pamọ́. Ó kọ́kọ́ fún un pọ̀ jù kó lè fúyẹ́, bí ẹni ń fún aṣọ, abẹ́ ojú ọkọ rẹ̀ sì di ṣákiṣàki bí ògiri tí òjò pa. Ó pa ìyẹn rẹ́, ó tún ẹ̀dà mìíràn mú lára ojúlówó, nítorí èyí tí a ti fún tẹ́lẹ̀ ń bàjẹ́ sí i ni bí a bá tún un fún. Ó kọ́kọ́ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí ìwọ̀n ojú fóònù, lẹ́yìn náà ló ń mú un fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó ń fi wé ojúlówó, títí kan irun funfun àgbọ̀n rẹ̀ àti ìlà tí ẹ̀rín fà sí ẹ̀gbẹ́ ojú. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ò mọ èwo ni èwo mọ́.

Ó ku àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Bó bá gé e kúrò, àwòrán náà á tún fúyẹ́ sí i. Ó na ọwọ́, ó sì fà á padà. Ó fi àga náà sílẹ̀, ó ṣe ìyókù bákan náà, ó sì kó wọn sórí ìkànnì.

Màmá pè é padà. 

"Ó ti yọ. Irun àgbọ̀n rẹ̀ ẹyọ kan ò sọ nù. Ta ló ni àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí?"

"Èmi ni mo ni ín, Màmá. Mo dìde níbẹ̀ láti yà á ni."

"Mo ti wo gbogbo wọn tán, mi ò rí ẹ nínú ọ̀kan. Àbí ọmọ mi ò láya ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ń yàwòrán kì í sí nínú rẹ̀.

"Ta ló wá ń wo ìwọ?" Màmá béèrè. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Jókòó síbẹ̀ kí n rí ẹ. Má jẹ́ kó wúwo o."

Ó gbé àga náà, tó ṣì wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wọlé, ó gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣètò rẹ̀ kó lè ya òun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó sì gbójú sókè.