Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tí Ivanka Fi Sílẹ̀

Bí ẹ bá bi Jerneja Rozman léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, yóò ní ẹ̀rọ ìfọṣọ lòun ń kọ́ ní èdè Slovenia. Ó ti pẹ́ tó ti ń túmọ̀ ìwé ìlànà ẹ̀rọ láti inú Gẹ̀ẹ́sì nílùú Tržič, àwọn ọ̀rọ̀ tó sì máa ń dá a dúró jù ni àwọn tó jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń bí ìtumọ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń bímọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò yí i lórí lọ́jọ́ kan. Òun ní irú wọn ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà dùn.

Nítorí náà, nígbà tí Martin, àlejò kan láti Ọsirélíà, ń wá ògbufọ̀ tí yóò wà láàárín òun àti àbúrò ìyá rẹ̀, Jerneja ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n jọ wọkọ̀ lọ sí abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè Karavanke, níbi tí àbúrò ìyá náà, Lovrenc, bàbá kan tó ń sin oyin, ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n jókòó. Martin wá sọ ohun tó gbé e rìn.

"Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni màmá mi fi bá mi sọ̀rọ̀ títí tó fi kú. Nígbà tí agbára ti tán, ó ní, 'Spring. Bá mi bẹ̀bẹ̀. Spring.' Ó wá ká ìka rẹ̀ kò, ó ń fi lu igi bẹ́ẹ̀dì, kó, kó, kó. Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́."

Jerneja yí i sí *pomlad*, ìgbà ìrúwé, kíá. Ojú Lovrenc rọ̀.

"Ìgbà ìrúwé náà ni Ivanka, màmá rẹ, sá lọ! Yìnyín ṣì wà lórí òkè nígbà tó gba ibẹ̀ kọjá sí Ọ́síríà. Kò dágbére fún ìyá wa. Ìyá wa ló ń bẹ̀."

Wọ́n lọ síbi sàréè ìyá náà ní itẹ́ òkú, wọ́n tan àbẹ́là sínú ìgò pupa. Martin sunkún díẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí lójú àwọn méjèèjì.

Kò parí lójú Jerneja. Bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ni ìka tó lu igi bẹ́ẹ̀dì yẹn rí lójú rẹ̀. Ẹni tó ń bẹ òkú, ṣé ó máa ń kanlẹ̀kùn? Nígbà tí wọ́n ń jẹ žganci, oúnjẹ ìyẹ̀fun wọn, àti wàrà kíkan, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàbá, ẹ má bínú, ó jọ pé mo ṣi ọ̀rọ̀ yẹn tú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún *vzmet*."

"Sípíríǹgì? Ti bẹ́ẹ̀dì?" Lovrenc bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi wá ń bẹ bẹ́ẹ̀dì! Ọmọ yìí, ṣé o ti yọ́ mu nínú ọtí mi ni?"

"Ó tún ń jẹ́ *izvir*, ibi tí odò ti ń sun."

"Orí àpáta lódò wa ti ń sun. Ewúrẹ́ igbó nìkan ló ń débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀ wọ́n. Jẹun kó tó tutù."

Jerneja jẹun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí nídìí àwo. *Izvir* jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀. Ọmọbìnrin abúlé tí kò kàwé púpọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò pè é? Ó wá yé e pé inú Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó wà lẹ́nu Ivanka kó tó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì wà láyé.

"Bàbá, nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kí lẹ ń pe omi tó bá ń sun jáde nílẹ̀?"

"*Studenec*. Kí la ò bá tún máa pè é..."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Lovrenc.

"Kí ló wí?" ni Martin bèèrè. Jerneja ṣẹ́wọ́ sí i pé kó ní sùúrù.

"Ilé Studenec," Lovrenc sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Lábúlé yẹn, ilé ló ń sọ èèyàn lórúkọ. Orúkọ tí ìjọba mọ̀ ọ́n sí, àfi kó fi pamọ́ sápò.

"Ta ló wà nílé yẹn?" ni Jerneja bèèrè.

"Ožbej. Òun ló yẹ kó fẹ́ Ivanka. Àlùfáà ti kéde wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ará ilé Studenec ti pa ẹlẹ́dẹ̀ ìgbéyàwó, ni Ivanka bá sá. Láti ọjọ́ náà, a kì í kíra. Bí mo bá rí i lókèèrè, mo máa ń yà."

Jerneja túmọ̀ rẹ̀ fún Martin. Kí Martin tó béèrè bóyá ilé náà jìnnà, Lovrenc ti dé fìlà rẹ̀.

Martin ló kanlẹ̀kùn. Arúgbó gíga kan ṣí i, ajá rẹ̀ ń gbó lẹ́yìn ọgbà. Jerneja bá Martin sọ ọ́: "Màmá mi, Ivanka, ní kí n bá òun bẹ̀ yín."

Ožbej wò ó títí. "Ṣé ó sọ ìdí tó fi lọ?"

"Rárá."

"Ó dárúkọ mi?"

"Ilé yín ló dárúkọ."

"Ilé!" Arúgbó náà mirí. "Òótọ́ ló sọ. Ilé yìí ló sá fún, kì í ṣe èmi. Ìyá mi le bí òkúta. Ìyàwó tí mo padà fẹ́ sunkún títí ìyá mi fi kú." Ó gbójú sókè, ó rí ẹnì kan lẹ́bàá ọgbà. "Lovrenc! Ṣé ajá lo fẹ́ bá ṣọ́ ilé ni? Wọlé, arúgbó."

"Ìwọ tó jù mí lọ, ta ni arúgbó?" Lovrenc dáhùn, ṣùgbọ́n ó wọlé.

Ožbej bu ọtí èso fún wọn. Ó ní kí Jerneja kọ́ òun bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe ilé òun. Ó gbìyànjú rẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń sín. Ó béèrè ohun mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́. Jerneja sọ ti ìgbà ìrúwé, ó sọ ti sípíríǹgì, ó ní ó tún ń jẹ́ kéèyàn fò sókè pọ́ún.

"Ẹn-ẹn! Èyí ni Ivanka mọ̀ jù! Ó fo òkè, ó fo òkun!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́, Lovrenc ń gbá a lẹ́yìn. Nígbà tí Jerneja sọ ọ́ fún Martin, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ nu ojú.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí Jerneja fẹ́ mọ̀.

"Bàbá, ṣé omi kankan tiẹ̀ ń sun níhìn-ín?"

"Ó ti gbẹ kí wọ́n tó bí bàbá mi," ni Ožbej wí, ó sì mú ọ̀pá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ojú ibẹ̀."

Wọ́n jọ jáde gba ẹ̀yìnkùlé, Lovrenc sì di Ožbej lápá mú nítorí ilẹ̀ ń yọ̀.