Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Aṣọ

Ẹ ti ń fura sí i, mo mọ̀, nítorí náà n kò ní fi pamọ́ fún yín: nínú gbogbo ilé-ìwé náà, láti orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé títí dé orí ológbò tó ń sùn nídìí ilé ìkàwé, kò sí ẹni tí ìtàgé ń bà lẹ́rù tó ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé.

Ohùn-Oyin ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ náà lọ́dún tó dé, ó sì ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́ títí ó fi ràn. Olùkọ́ orin ni. Bàtà rẹ̀ kì í léruku, bó bá sì fẹ́ kí ènìyàn "ẹ káàárọ̀" lásán, á kọ́kọ́ tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe bí ẹni tó fẹ́ mú orin. Tí wọ́n bá bi í pé níbo ló ti kọrin rí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ibi tí mi ò tíì kọrin ni kẹ́ ẹ béèrè." Òótọ́ ló sọ. Ká ní wọ́n béèrè ìyẹn ni, ìdáhùn rẹ̀ ì bá gùn gan-an.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dúró lórí ìtàgé láyé rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà. Ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ẹnì kan wúkọ́, ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, olùkọ́ kan sì wá fà á lọ́wọ́ wọlé bí ẹni ń fa àgùntàn. Láti ọjọ́ náà ni ìdákẹ́jẹ́ gbọ̀ngàn ti di ohun tó léyín lójú rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, obìnrin tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó, pè é sí ọ́fíìsì.

"Eré olórin tẹ́ ẹ ti ń sọ látìgbà tẹ́ ẹ ti dé yẹn, ẹ ṣe é. Àwọn alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wò ó. Tó bá dáa, orin dúró. Tí ò bá dáa, máa fi gbọ̀ngàn ṣe yàrá kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin náà á sì lọ máa mójú tó ilé ìkàwé."

"Ìyẹn ò le, mà. Bí ẹní mumi ni."

Ó gbé gíláàsì omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu, omi náà sì pá a lórí.

Ó kọ eré náà fúnra rẹ̀, ká má purọ́ mọ́ ọn, eré náà sì dùn. Ọmọbìnrin aṣọ́bodè kan ló dá lé: bàbá rẹ̀ lọ sójú ogun, ọmọ ń ṣọ́ ẹnu ibodè dè é, títí lẹ́tà fi dé pé bàbá ò ní padà mọ́. Bó bá ti ka lẹ́tà yìí tán, dùùrù á dákẹ́, ọmọ á sì mú orin tó le jù nínú eré náà, òun nìkan, ohùn lásán.

Ọmọ kíláàsì àṣekẹ́yìn kan ló gbé ipa náà fún. Orin ló máa ń kọ wọ ọgbà láràárọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Àkùkọ. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi orí àpáta, ọ̀rọ̀ kì í sì í kú sí i nínú.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi dánra wò. Ohùn-Oyin fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀ ìtàgé fún ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò tẹ̀. "Má kẹ̀yìn sí èrò. Mí kó o tó la ẹnu. Tí ẹkún bá ń gbọ̀n ẹ́, má sun ún, jẹ́ káwọn tó jókòó bá ẹ sun ún." Ìmọ̀ràn gidi ni gbogbo rẹ̀. Inú ìwé ló ti kà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àkùkọ ka lẹ́tà tán, ó sì dúró. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ kí orin tó jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ti lẹ̀ mọ́ olùkọ́ lẹ́yìn.

"Kí ló dé tó o dúró?"

"Ó fò mí lórí díẹ̀ ni, sà. Sà, tó bá wá fò mí lórí lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Kò lè fò ẹ́. Mo wà níbẹ̀."

"Ṣé kò fo ẹ̀yin náà rí?"

"Èmi?" Ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. "Láéláé."

Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Kò burú, sà," bí àgbà ti í sọ ọ́ fún ọmọdé tó ní òun ò jẹ ṣúgà.

Ibi tí Ohùn-Oyin gbà lọ lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dọ̀ Bàbá Oníná, àgbàlagbà tó ń mójú tó iná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbọ̀ngàn.

"Bàbá, ẹ fún èmi náà ní máíkì kan."

"Ẹ̀yin náà wà nínú eré ni, tíṣà?"

"Ẹ̀yìn aṣọ ìtàgé ni màá wà. Èmi náà á máa bá ọmọ yẹn kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tó bá gbàgbé, ohùn mi á gbé e dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ kọjá àárín wa."

Bàbá Oníná wò ó látòkè délẹ̀. "Ó tiẹ̀ dáa," ó ní. "Ẹni tó lóyin ló yẹ kó dà á sí i." Ó tọwọ́ bọ inú àpótí, ó sì fà á lé e lọ́wọ́: máíkì dúdú kan tó tóbi bí ọmọ odó.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé lójoojúmọ́ ìdánrawò, tí Àkùkọ bá ti la ẹnu níwájú, Ohùn-Oyin á la tirẹ̀ lẹ́yìn aṣọ. Á gbójú sókè wo Bàbá Oníná nídìí ẹ̀rọ rẹ̀: ṣé ó ń jáde? Bàbá á na àtàǹpàkò sókè. Ohùn tó ń ti inú ẹ̀rọ jáde dùn ju ti ọmọ kan lọ létí rẹ̀. Igbá ti rí ọmọrí, ló ń sọ nínú ara rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn alábẹ̀wò mẹ́ta jókòó níwájú pẹ̀lú ìwé lórí itan.  Gbogbo ìgbà tí ìjókòó kan bá dún, àyà Ohùn-Oyin á já. Ó wo ìta láti ihò ara aṣọ, ó rí orí àwọn èrò nínú òkùnkùn bí òkúta etí odò, gbogbo òkúta náà sì ń retí.

Lẹ́tà dé. Àkùkọ kà á tán. Dùùrù dákẹ́.

Àkùkọ náà dákẹ́.

Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ìwé wà lọ́wọ́ ọmọ, ojú rẹ̀ sì fẹjú sínú èrò, olùkọ́ sì mọ ojú náà. Ojú tirẹ̀ ni. Ẹ̀rín yẹn ló ń tẹ́tí sí, ẹ̀rín ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ó ń bọ̀, ó ti dé tán.  Ó di aṣọ mú, ó gbé máíkì ọmọ odó rẹ̀ sẹ́nu, ó dijú, ó sì mú orin náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohùn jáde. Ó ń gbọ̀n, ó ń họ bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó, ṣùgbọ́n ó jáde, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún. Ó kọ ẹsẹ kan gbáko. Ìgbà tó wọ ẹsẹ kejì ló gbọ́ ohùn ọmọ náà tó dìde, tó mọ́, tó kún gbogbo gbọ̀ngàn. Ó la ojú pẹ̀lú omijé. Mo gbé e dúró, ó ní nínú ara rẹ̀.

Nígbà tí eré parí, gbogbo èrò dìde dúró. Àtẹ́wọ́ náà ò fẹ́ tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè é. Bàbá Oníná wà lórí àkàsọ̀ nínú ọ́fíìsì náà, ó ń pààrọ̀ gílóòbù.

"Orin dúró," ni ọ̀gá àgbà wí. "Àwọn alábẹ̀wò ní àwọn ò rí irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn rí. Wọ́n ní tọmọdé tàgbà ló ń sunkún. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ ọmọ náà ní i."

"Ìdákẹ́jẹ́ wo, mà?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn lẹ́tà. Mo bi ọmọ náà pàápàá. Ó ní orin ló fo òun lórí. Ẹ̀rù ba òun, òun sì dúró títí tó fi padà wá."

Ẹlòmíràn ì bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, kó gba ọpẹ́ kó máa lọ. Ohùn-Oyin tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

"Ó ku ibì kan, mà. Kò ṣàdédé padà wá. Èmi ni mo kọ ọ́ sí i létí. Mo wà lẹ́yìn aṣọ pẹ̀lú máíkì. Ohùn tí gbogbo ayé kọ́kọ́ gbọ́ yẹn, tèmi ni." Ó gbójú sókè. "Bàbá mọ̀ nípa ẹ̀. Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Bàbá Oníná rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

"Bátìrì táa ní ò ju ti àwọn ọmọ lọ, tíṣà," ó ní. "Látọjọ́ tí mo ti fún yín ní máíkì yẹn, kò sí bátìrì nínú ẹ̀."