Ta Ló Tó Bẹ́ẹ̀ Láti Fipá Mú Mi?

Láti kékeré èmi Kreszenz, kò sẹ́ni tó fipá mú mi ṣe nǹkan kan rí. Ẹ ní kí n jókòó, mo ti dìde nìyẹn. Agídí yìí ló kù díẹ̀ kó gba eyín tuntun lẹ́nu mi.

Lustenau là ń gbé, ní Austria, ṣùgbọ́n òdìkejì odò, ní Switzerland, ni mo ti ń po ìyẹ̀fun nílé iṣẹ́ bisikíìtì. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn kọjá afárá. Ìdí mi bo ìjókòó rẹ̀ débi pé ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi á rò pé orí irin lásán ni mo jókòó lé. Òdìkejì yẹn náà ni mo ti ń san ìnṣọ́ránsì ìlera, ṣùgbọ́n ilé, ní Austria, ni mo ti ń jíhìn owó-orí.

Kí wọ́n tó bu owó-orí lé ẹnikẹ́ni, wọ́n máa ń yọ owó ìnṣọ́ránsì tó bá jẹ́ dandan lábẹ́ òfin kúrò nínú owó tó wọlé fún un. Èyí tí èèyàn bá fúnra rẹ̀ fẹ́, wọn kì í yọ ọ́. Wọ́n bi mí nínú fọ́ọ̀mù, irú èwo ni tèmi? Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé: “ÈMI NI MO YÀN ÁN!” Ẹsẹ̀ ta ló ṣáà rìn láti ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kan dé òmíràn?

Wọn ò yọ kọ́bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ owó tí ì bá padà wá ni mo fẹ́ fi ṣe eyín ìsàlẹ̀, torí ìnṣọ́ránsì yẹn kì í sanwó eyín. Eyín àtọwọ́dá àtijọ́ ẹnu mi ti já bọ́ sínú ọbẹ̀ níbi ìsàmì ọmọ Reinelde, ọmọ mi, èmi fúnra mi ni mo sì bù ú fún àlùfáà!

Èmi àti Gebhard ọkọ mi gba ọ́fíìsì owó-orí lọ. Ọmọbìnrin kan, Hämmerle, ló dá wa lóhùn.

“Màmá Kreszenz, ṣé wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún láìní ìnṣọ́ránsì?”

“Rárá o. Òfin ni.”

“Wọ́n fipá mú yín nìyẹn.”

“Èmi kẹ̀? Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo yàn án!”

“Ilé-iṣẹ́ lẹ yàn, Mà. Àtiní in gan-an, ẹ ò yàn án. Ẹ ṣáà sọ pé dandan ni, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.”

Gebhard ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. “Ìyá Reinelde, àtọjọ́ ìgbéyàwó ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Rọra sọ ọ́, kó lè dùn pẹ́ létí mi.”

“Panu dé, òbúkọ arúgbó!”

“Jẹ́jẹ́ ni, ìyàwó mi. Eyín ńkọ́?”

Mo tẹrí ba. “Dandan ni,” mo sọ ọ́ sínú ọmú mi.

“Mi ò gbọ́ o, Mà.”

“DANDAN NI! WỌ́N FIPÁ MÚ MI!”

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa pàtẹ́wọ́. Gebhard rẹ́rìn-ín títí tóun tàga fi dojú dé. Ńṣe ni Hämmerle ń fi ọwọ́ kan nu omi ojú, tó ń fi èkejì kọ̀wé.

Lọ́jọ́ tí eyín náà wọ ẹnu mi, mo gé ápù jẹ, mo gé wàràkàṣì tó ti gan jẹ, mo wá yíjú sí Gebhard, mo gé e jẹ lọ́rùn. Ó ké tòò! Àwọn aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé, wọ́n rò pé à ń jà ni.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó bẹ́ẹ̀.