Yàrá Ìsàlẹ̀ ní Ìsítáńbùlù

Roqeebah kì í ka ìyìn. Bó bá ń wá ibi tí èèyàn lè dé sí lókè òkun lórí fóònù, èébú ló kọ́kọ́ máa ń kà: ẹni tó ní omi gbígbóná ò yọ, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ò ti ilẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó ń yin ọjà lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹni tó ń tà á, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bú u ti sùn níbẹ̀ rí.

Bàtà ọmọdé ni òun àti Ìyá Mísbáù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ń tà ní ọjà Bọ́ládé. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìyá náà ti lọ kó ọjà ní Ìsítáńbùlù, lórílẹ̀-èdè Tọ́kì. Òtẹ́ẹ̀lì kan náà ni Bùràímọ̀, tó máa ń kó àwọn oníṣòwò lọ, ń kó wọn sí: àjà kẹrin, àtẹ̀gùn lásán, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè. Lọ́dún tó kọjá, orúnkún Ìyá Mísbáù pa á lẹ́kún lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ó délé, ó ju páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó ní ó tán, kí Roqeebah máa dá lọ.

Roqeebah ò gbà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà á. Ọmọ tó dàgbà sí Bọ́ládé, kí ló tún fẹ́ bà á lẹ́rù? Ṣùgbọ́n ìyá yìí ló ń fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà, tí á sì mọ èyí tí kò ní lò ju oṣù kan lọ kó tó là. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fẹ́ kí àtẹ̀gùn lásán-làsàn gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ tí kò wọ́n ló ń wá. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ọjọ́ náà ni Bùràímọ̀ sì fẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn láti gba orúkọ àwọn tó máa dé sí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun ló rí ọ̀kan. Obìnrin kan ló ni ilé náà, kò jìnnà sí ọjà bàtà, èébú tó sì burú jù tí wọ́n bú u ni pé ológbò rẹ̀ máa ń sùn lórí ibùsùn àlejò. Roqeebah pè é lórí fídíò. Gẹ̀ẹ́sì obìnrin náà ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ra wọn yé. Roqeebah ní kó ṣí ẹ̀rọ omi kóun rí i bó ṣe ń rú èéfín, kó ti ilẹ̀kùn kóun gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ.

Obìnrin náà ní ogójì dọ́là lálẹ́ kan. Roqeebah ní ọgbọ̀n. Obìnrin náà mi orí. Roqeebah dúpẹ́, ó sì gé ìpè.

"Roqeebah! Ẹni tó fẹ́ gbà ẹ́ sílé lo pa fóònù mọ́ lójú yẹn?" ni Ìyá Mísbáù pariwo.

"Mo kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni, mà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

 Ìyá Mísbáù ló kọ́ ọ lóòótọ́: bí oníbàárà bá dúnàá-dúrà tó lọ, jẹ́ kó kọjá ṣọ́ọ̀bù kẹta kó o tó pè é padà, kó má baà mọ̀ pé ebi ń pa ẹ́.

Wọ́n ń wo fóònù. Kò dún. Wọ́n kírun tán, kò dún. Bùràímọ̀ dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá Mísbáù. Ṣé kí n kọ Roqeebah nìkan?"

Roqeebah tún yẹ fóònù wò. Bóyá wọn kì í pe oníbàárà padà ní Tọ́kì.

"Dúró ná," ni Ìyá Mísbáù wí. "Ó ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì."

Bùràímọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tí wọ́n ń sọ. Ibi tó ti ń wò ni fóònù ti dún.

Obìnrin náà ní márùn-ún-dín-lógójì, òun á sì fi oúnjẹ àárọ̀ kún un. Kí Roqeebah tó dáhùn, Ìyá Mísbáù ti gba fóònù. Kò bèèrè owó rárá. "Ní kó rìn láti títì dé ibi ibùsùn, kí n rí i."

Roqeebah túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà bọ́ sí títì, ó dojú fóònù kọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì rìn wọlé. Ìyá Mísbáù ń ka àtẹ̀gùn sókè: "Ení. Èjì." Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ tẹ́jú títí dé ẹsẹ̀ ibùsùn. Ológbò wà lórí ẹ̀ lóòótọ́.

"Méjì péré," ni ìyá náà wí, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó fa báàgì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó kó ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó yọ páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ tó fi ọ̀rá wé.

"Ṣebí ẹ ní ó wà nínú àpótí nílé?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń gbé e kiri," ni Ìyá Mísbáù dáhùn. "Sọ fún un kó gbé ológbò ẹ̀ kúrò lórí ibùsùn mi."