Ẹ̀kọ́ Inú Kọ̀ǹpútà ní Ọ́fíìsì Wa

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀kọ́ yẹn wọ ọ́fíìsì wa ní Àpápá, lọ́dún 1997, ni ara ti ń fu mí. Wọ́n ní kí olúkúlùkù tẹ orúkọ rẹ̀ sí i, kó ka ẹ̀kọ́ nípa ìwé ẹrù tó ń gba èbúté wọlé, kó sì dáhùn ìbéèrè. Kò sí olùkọ́ tí èèyàn lè wojú rẹ̀. Máàkì gbogbo wa ló ń hàn níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ní olú ilé iṣẹ́ wa ní Marina sì ń rí i láti ọ̀hún. Kí ni wọ́n ń wá gan-an? Ilé iṣẹ́ tí kò lè ra fáànù fún wa, òun ló wá ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́?

Bàbá Dáhùnsí, olórí àwa akọ̀wé, ni máàkì wọn kéré jù. Àwọn ló mú mi wọṣẹ́. Nígbà tí mo bímọ, àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ tèmi mọ́ tiwọn. Mo rí orúkọ wọn nísàlẹ̀ pátápátá. Mo ní, ó tán, bàbá ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí lé lọ.

Mo kó àwọn akọ̀wé yòókù lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́wà ní ibùdókọ̀ Coconut. Mo ní ká máa mọ̀ọ́mọ̀ kùnà, kí ẹnikẹ́ni má ga ju Bàbá lọ.

Ebikabowei, tí a jọ ń gbé Ajégúnlẹ̀, mirí. "Aunty Àdùfẹ́, this thing dey fear me o. Tí wọ́n bá lé gbogbo wa ńkọ́?"

"Gbogbo wa kẹ̀? Ta ló máa wá ṣiṣẹ́?"

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn tí mo mọ̀ bí ẹni mowó, màá fò ó. Ó dùn mí wọra, torí mi ò fẹ́ràn kí n fìdí rẹmi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí a ṣe ń lulẹ̀ ni Bàbá náà tún ń lulẹ̀. Àwa náà á tún lọ sísàlẹ̀ sí i. Títí ẹ̀kọ́ fi parí, Bàbá ló wà lókè.

Ọ̀gá Reuben wá láti Marina. Ó ní iṣẹ́ ti dínkù, akọ̀wé kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́ kù. Wọ́n á fún àwọn yòókù lówó, kí wọ́n máa lọ.

"Bàbá Dáhùnsí, ẹ kú oríire. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Bàbá dìde. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ. Ojú ìyàwó mi ti fọ́, òun nìkan ló wà nílé ní Ìlaròó. Tí mo bá fiṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi, ẹ ò ní fún mi ní kọ́bọ̀. Mo fura pé àwọn tó bá kùnà lẹ máa sanwó fún, ìyẹn ni mo ṣe ń kùnà. Ẹ fi Àdùfẹ́ sípò mi, ó mọṣẹ́."

Ọ̀gá Reuben wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí tó gba òdo yìí?"

Ó jáde. Bàbá kọjú sí mi, omi ti lé ròrò lójú wọn.

"Àdùfẹ́, ta ló bẹ̀ ọ́?"